Ọ̀nà Méjèèjì Ló Dé Ibẹ̀

Mo rántí ìgbà tí wọ́n sọ jíípù tuntun kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń rùn, eyín táyà rẹ̀ sì tóbi bí ẹni pé òkúta ló fẹ́ fi wọ́n jẹ. Ọdún tí àwọn Faransé ká àsíá tiwọn kúrò, tí àwa náà gbé tiwa sókè ni. Òyìnbó tó ń darí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ọmọ ilẹ̀ wa kan tó kàwé dáadáa sì ti jókòó sórí àga rẹ̀. Gbogbo wa gbà nígbà náà pé ohun tó tọ́ sí kálukú yóò wá bá a nílé láìpẹ́. Èmi ti mọ èyí tó tọ́ sí mi ní tèmi. Jíípù yẹn ni.

Awakọ̀ ni mí. Kámíọ̀ ńlá kan tó ti gbó, tí a fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ni mò ń wà. Mo ti fi ọdún mẹ́fà kó irúgbìn káàkiri abúlé, kò sì sí òkúta kan láàárín ìlú wa àti odò Ọ̀pàrà tí n kò mọ̀. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bèèrè pẹ̀lú. Nígbà tí mo rí jíípù náà, mo fi ọwọ́ pa á lára, mo yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, mo tilẹ̀ ti ń ro irú fìlà tí n ó máa dé bí mo bá ń wà á.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọkùnrin kan fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kan náà, pẹ̀lú àpótí kan lórí àti ìwé kan lọ́wọ́. Ará Pọ́bẹ̀ ni. Ìwé náà sọ pé ó ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, pé òun ni kí wọ́n fi jíípù lé lọ́wọ́. Ọ̀gá wa kà á sókè níwájú gbogbo wa, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó tẹ̀ríba, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé èmi ni àgbà láàárín àwọn awakọ̀, kí n jọ̀ọ́ máa tọ́ òun sọ́nà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí láti ọjọ́ náà, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kí ó má dùn mí.

Bó bá jẹ́ agbéraga ni, ì bá sàn fún mi, ǹ bá rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ń tètè dé ibi iṣẹ́, ó ń fọ jíípù bí ẹni ń wẹ ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi, títí kan èyí tí kò dùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà ń sọ̀rọ̀, nítorí èdè tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Bí àwọn ọmọdé bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni ẹ̀rín mi máa ń ròkè jù.

Lọ́jọ́ kan, ó pàdé ìyá mi lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, ó sì gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá mi kì í wọ kámíọ̀ mi, ó ní ó ń mi òun nínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju bí jíípù ṣe gba orí gegele kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ó gún iyán, ó ní kí n pe ọmọ náà wá. Mo jókòó níwájú ará Pọ́bẹ̀ ní ilé bàbá mi, mo ń wo ìyá mi bó ṣe ń bu ẹran sí i kó tó kan èmi. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi bi mí bóyá mo rí bó ṣe ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ní mo rí i. Àwọn àgbà sọ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo rù lóòótọ́ lóṣù yẹn, ibà ni mo sì sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ń ṣe mí.

Ọ̀pá kékeré kan wà nínú jíípù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi ń yí fítẹ́ẹ̀sì láti dín eré ọkọ̀ kù tàbí fi kún un. Bí a bá fà á, ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ máa fa ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan bíi ti kámíọ̀ mi. Ará Pọ́bẹ̀ ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Mo dá a lóhùn pé mo ti mọ ọkọ̀ kí òun tó mọ bàtà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo ń tún un sọ fún àwọn ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òun kò fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọ̀gá wa pe àwa méjèèjì. Ẹ̀pà gbíngbìn kan wà nílẹ̀ fún abúlé kan lẹ́yìn àwọn òkè, lápá odò Ọ̀pàrà, àwọn ará ibẹ̀ sì ti kọ ebè dè é. Kámíọ̀ kò lè dé ọ̀hún. Ọ̀gá ní ọ̀kan nínú wa mọ ọkọ̀, èkejì mọ ọ̀nà, kí a jọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, àgbà awakọ̀, ṣe jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ oko fi tán tí ilẹ̀ òkúta fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Àpáta dúdú wà lọ́tùn-ún, àpáta wà lósì, òkúta tó ya lára wọn kún ilẹ̀, èyí tó tóbi bí ìkòkò, èyí tó tóbi bí ahéré. Láàárín wọn, àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò jíjìn. Mo retí pé ẹ̀rù yóò ba ará Pọ́bẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó dá ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ síwájú, ó wo òkúta kọ̀ọ̀kan, ó yí méjì sí kòtò kan, ó sì padà wá jókòó. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá kékeré yẹn. Jíípù bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkúta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ewúrẹ́ tó ń gun ògiri. Ara ọkọ̀ dà sí ọ̀tún, ó dà sí òsì, ọwọ́ awakọ̀ kò sì gbọ̀n. Bó ṣe ṣe é nìyẹn ní ibi mẹ́ta. Láyé mi, n kò bọ́ sílẹ̀ wo ọ̀nà rí. Mo pòṣé, mo ní ilẹ̀ ń lọ. Ní tòótọ́, ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn òkúta tí mo ń pè ní tèmi láti ọdún pípẹ́ ń gbà fún un.

Ibẹ̀ la ti dé oríta kan. Ọ̀nà ọ̀tún yí òkè po, ó gùn, ṣùgbọ́n iyanrìn àti koríko ni, odò kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì ju orúnkún lọ. Ọ̀nà òsì gba orí àpáta gbọọrọ kan tí àwọn ará oko ń pè ní Ẹ̀yìn Erin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè fi kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀. Bí òjò bá ti kàn án, ewéédò tó wà lára rẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá, ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá á sá fún un. Ará Pọ́bẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo ni ká gbà?”

“Ọ̀nà méjèèjì ló dé ibẹ̀,” ni mo wí.

N kò purọ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn lójú ẹsẹ̀, mo sì tún un sọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà. Àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran, èmi sì fẹ́ kí ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò fẹ́ kí ó kú. N kò fẹ́ kí ó fara pa. Mo kàn fẹ́ kí jíípù há sórí àpáta, kí a fi ẹsẹ̀ padà sílé, kí ọ̀gá wa bèèrè ẹni tó há a, kí ìyá mi náà sì gbọ́. Ó mi orí, ó yí sí òsì.

Ó gun Ẹ̀yìn Erin dé ìdajì. Mo ti ń bínú pé yóò gùn ún tán nígbà tí táyà ẹ̀yìn yọ̀. Ọkọ̀ dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí padà sẹ́yìn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú kan gbá òkúta, ìtọ́kọ̀ yí bìrí, ó sì ká ọwọ́ ọ̀tún ará Pọ́bẹ̀ mọ́ inú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Jíípù fara ti òkúta náà, ó dúró. Bí òkúta yẹn kò bá sí níbẹ̀, à bá máa sọ ìtàn mìíràn.

Kò kígbe. Ó jókòó, ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, òógùn bò ó lójú, ó bi mí bóyá kò sí ohun tó ṣe mí. Mo ní kò sí. Mo ya aṣọ, mo fi igi méjì há a lọ́wọ́, mo so ó. Lẹ́yìn náà la fi òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹ̀ka igi há abẹ́ táyà. Ó fi ọwọ́ òsì di ìtọ́kọ̀ mú, èmi ń bá a yí fítẹ́ẹ̀sì bó bá ti wí, bẹ́ẹ̀ la ṣe kúrò níbẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọ abúlé, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wú bí iṣu.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀pà. Gbogbo obìnrin abúlé wà ní àgbàlá kan. Ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń rọbí láti àná, oyún àkọ́kọ́ ni, ọmọ kò sì wá. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí fún wọn jáde sí wa, ó wo jíípù, ó wo àwa méjèèjì.

“Ó ti kọjá ọwọ́ tèmi,” ni ó wí. “Ẹ bá wa gbé e dé Ṣábẹ̀. Bó bá di alẹ́, a ò ní rí ẹni gbé mọ́.”

Mo ní a ó gba ọ̀nà ọ̀tún. Ọkọ aboyún náà mi orí. “Òjò ti rọ̀ lókè lọ́sàn-án yìí, odò ibẹ̀ ti kún,” ni ó wí. “Láàárọ̀ nìkan ni ọ̀nà tó dáa yẹn ṣeé gbà. Ẹ̀yin náà kọ́ la rí tí ẹ gba Ẹ̀yìn Erin wá?”

Ará Pọ́bẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó sọ ọ́. Mo dúró kí ó yíjú sí mi, kò yíjú. Ó ní kí wọ́n kó àpò ẹ̀pà sílẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ mẹ́ta kù sínú ọkọ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹní lé e, kí aboyún lè sùn lé e. Lẹ́yìn náà ló na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

N kò mọ ọkọ̀ yẹn wà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún mẹ́fà lórí kámíọ̀, gbogbo ẹnu tí mo fọ́n, nígbà tí mo jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ tí mo ti ń lá àlá rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Aboyún ń kérora lẹ́yìn, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ará Pọ́bẹ̀ jókòó sí ibi tí èmi jókòó sí láàárọ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wú lé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lójú ọ̀nà, bí ẹni pé àkókò wà.

Ó ní kí n má fi àtàǹpàkò há inú ìtọ́kọ̀, kí n gbé e sí òde, nítorí bó bá tún yí bìrí, yóò gé e. Ó ní kí n fa ọ̀pá kékeré. Ó ní kí n wo ibi tí mo fẹ́ kí táyà tẹ̀, kì í ṣe ibi tí ń bà mí lẹ́rù. Ohùn rẹ̀ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, mo tún ń jowú rẹ̀ síbẹ̀, mo ń jowú ohùn yẹn, pé ènìyàn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú egungun tó ti dá.

Nígbà tí a yọ sí orí Ẹ̀yìn Erin, tí mo rí bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa, mo tẹ fúrẹ́ẹ̀n kí ọkọ̀ lè dúró. Ọkọ̀ kò dúró. Táyà dúró, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ.

“Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí fúrẹ́ẹ̀n,” ni ó wí. Kò fi ẹ̀gbọ́n sí i, kò fi ẹ sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. “Fi í sí fítẹ́ẹ̀sì kìn-ín-ní. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dì í mú.”

Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì ké, táyà di àpáta mú, jíípù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí a tẹ ilẹ̀, ìyá ọkọ aboyún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n má dúró.

A dé ilé ìgbẹ̀bí Ṣábẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin ni ọmọ náà, òun àti ìyá rẹ̀ yè é. Ọkọ obìnrin yìí rìn wá lọ́jọ́ kẹta, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, torí èmi ni wọ́n sọ fún un pé ó wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìlú gbọ́. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ ló mọ ilẹ̀ rẹ̀, pé àlejò ló kó sínú kòtò láàárọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ ló yọ wọ́n nírọ̀lẹ́. Ìyá mi náà gbé orin ará Pọ́bẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó fi tèmi sí i. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ ló dé, n kò sì lè gbé e mì.

Ọwọ́ ará Pọ́bẹ̀ kò jinná dáadáa. Ó jinná ní wíwọ́, kò sì lè yí ìtọ́kọ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé mìíràn dé, wọ́n ní kí ó padà sí ìlú rẹ̀ lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá wa na kọ́kọ́rọ́ jíípù sí mi. Mo gbà á.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa sọ ọ́, kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ní mo mọ̀ pé àpáta ń yọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé owú ni kò jẹ́ kí n wí.

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí. “Mo rí ipa ẹsẹ̀ àti ipa kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ ní oríta. Gbogbo wọn ló yà sí ọ̀tún.”

Mo bi í pé, kí ló dé tó fi gba òsì nígbà náà.

“Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó mọ òkúta Ṣábẹ̀ bí yín. Ó ti sú mi. Mo ní bí mo bá gùn ún níṣojú yín, ẹ ó sọ lẹ́ẹ̀kan pé mo mọ ọkọ̀ wà.”

Ọkọ̀ ojú irin fọn, ó wọlé. Ará Pọ́bẹ̀ gòkè, mo na àpótí rẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ ti ń rìn kí ẹnu mi tó là, mo sì sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ yẹn, mo sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n irin ń dún lórí irin, n kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Mo wa jíípù yẹn títí ó fi gbó. N kò há sórí òkúta kankan, nítorí mo máa ń bọ́ sílẹ̀ wo ọ̀nà. Mo ti di arúgbó báyìí, owú kò sì kú nínú mi, ó kàn rọra ń gbé ni. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ yẹn ti di ìyá ọmọ, ó máa ń gbé iṣu tuntun wá fún mi lọ́dọọdún, bàbá ló sì ń pè mí. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún un pé kì í ṣe èmi nìkan, pé ará Pọ́bẹ̀ kan wà níbẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń ní mo fẹ́ràn láti rẹ ara mi sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, mo ní kí ó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìwé tí wọ́n kà níwájú wa dé orí ohun tí mo sọ ní oríta. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò dìde kó gbé iṣu rẹ̀ lọ. Ohun tó bèèrè ni pé, kí ni orúkọ rẹ̀?

Mo ní láti ronú kí n tó rántí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé títí ó fi lọ, ará Pọ́bẹ̀ ni mò ń pè é, kí gbogbo ènìyàn lè máa rántí pé kì í ṣe ara wa. Mo sọ orúkọ náà fún un. Ó dún bí àjèjì lẹ́nu mi. Ó tún un pè lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa gbàgbé.